Kyokushin, Enshin tàbí Kudo: èwo ni kí ẹ yàn nínú kàrátè ìjà gidi?

Kí ẹ tó sanwó fún ilé ìkọ́ kàrátè èyíkéyìí tó bá ní ìjà gidi làwọn ń jà, ẹ bi olùkọ́ ní ìbéèrè méjì: ṣé ọwọ́ lè kan ojú? Ṣé ọwọ́ lè di aṣọ mú? Ìdáhùn sí méjèèjì ló ya àwọn ẹ̀yà yìí sọ́tọ̀. Aṣọ funfun kan náà ni gbogbo wọn sábà máa ń wọ̀, èdè Japan ni wọ́n fi ń kà á, wọ́n sì ń tẹrí ba bákan náà. Ṣùgbọ́n ohun tí òfin ìjà bá gbà ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fi ara rẹ̀ kọ́ lójoojúmọ́. Ohun tí kò bá gbà, bí ẹ bá lo ọdún mẹ́wàá níbẹ̀, ara yín ò ní mọ̀ ọ́n.

Kí ló ń jẹ́ ìjà gidi gan-an? Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Olympics Tokyo ní oṣù kẹjọ ọdún 2021. Nínú ìjà àṣekágbá àwọn ọkùnrin tó ju kílò 75 lọ, Tareg Hamedi, ọmọ Saudi Arabia, ta Sajad Ganjzadeh, ọmọ Iran, ní ìpá lórí, Ganjzadeh sì dákú sílẹ̀. Ẹni tó dákú yẹn ni wọ́n fún ní góòlù, wọ́n fagi lé ìjà Hamedi nítorí pé ìpá rẹ̀ le jù. Òfin kàrátè alámàákì nìyẹn: ẹ máa dé ibi tí ẹ fojú sùn, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ká agbára yín kò. Ká ní ìdíje Kyokushin ni, ìpá kan yẹn ì bá ti parí ìjà, Hamedi ni wọn ì bá sì na ọwọ́ rẹ̀ sókè. Ẹni tó ń fẹ́ ìdíje alámàákì kò níṣẹ́ ní ilé Kyokushin, ẹni tó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ìpá òun lè gbé èèyàn ṣubú kò níṣẹ́ ní ilé alámàákì.

Kyokushin: àyà sí àyà

Masutatsu Oyama, tí wọ́n bí ní Kòríà ní 1923, ló dá Kyokushin sílẹ̀. Orílé-iṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí ní Tokyo ní 1964. Ara rẹ̀ ni gbogbo ẹ̀yà yòókù tí a máa mẹ́nu bà níbí ti yọ, torí pé ọmọ ilé Oyama tàbí ọmọ-ọmọ ilé rẹ̀ ni àwọn tó dá wọn sílẹ̀.

Ìjà rẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú 3. Àgbà kì í wọ ìbọ̀wọ́, kì í dé àṣíborí. Ẹ lè kan àyà, ikùn àti ìhà ní ẹ̀ṣẹ́. Ẹ lè ta ìpá sí itan, sí ìhà, sí orí. Ẹ lè fi orúnkún gún alátakò. Ẹ̀ṣẹ́ sí ojú tàbí ọrùn, èèwọ̀. Dídi aṣọ mú, èèwọ̀. Fífi orí kàn àti ìpá sí abẹ́, èèwọ̀. Ẹni tó bá ṣubú tó lò ju ìṣẹ́jú àáyá 3 lọ nílẹ̀ ti pàdánù, ippon nìyẹn, máàkì tó ń parí ìjà. Bó bá tètè dìde, waza-ari ni, waza-ari méjì sì di ippon kan. Bí adájọ́ kò bá rí olúborí, wọ́n á fi ìṣẹ́jú 2 kún un, wọ́n tún lè fi ìṣẹ́jú 2 mìíràn kún un. Lẹ́yìn èyí wọ́n lè gbé àwọn méjèèjì sórí òṣùwọ̀n kí ẹni tó fúyẹ́ gan-an ju èkejì lọ borí, tàbí kí wọ́n ka iye pákó tí oníkálùkù fọ́.

Nígbà tí ẹ̀rù ẹ̀ṣẹ́ kò ba ojú, àwọn oníjà á sún mọ́ra títí iwájú orí wọn á fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra. Ibẹ̀ ni wọ́n á dúró sí, ẹ̀ṣẹ́ sí àyà, ẹ̀ṣẹ́ sí ẹ̀dọ̀ lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, ìpá sí itan, lákọlákọ, títí ẹnìkan á fi bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn. Ohun tí ilé yìí ń kọ́ èèyàn jù ni ìfaradà, kò sì sí ẹ̀yà mìíràn tó ń kọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀. Àbùkù rẹ̀ náà kò fara sin: ọwọ́ á máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó ti lo ọdún mẹ́ta níbẹ̀ tó wá lọ bá ẹlẹ́ṣẹ̀ẹ́ ṣeré ní jíìmù, ẹ̀ṣẹ́ òsì àkọ́kọ́ lojú rẹ̀ máa gbà, kì í ṣe pé kò lágbára, ọwọ́ rẹ̀ ni kò mọ ọ̀nà ilé. Èkejì ni pé ìwọ̀n ara ń jọba. Tí ẹ bá jẹ́ kílò 60, tí ó sì jẹ́ pé àwọn kílò 85 ló pọ̀ jù ní kíláàsì yín, ẹ máa jìyà gan-an kí ẹ tó rí ọgbọ́n dá sí i.

Kíláàsì wọn sábà máa ń gba wákàtí kan ààbọ̀ sí méjì. Lẹ́yìn nínà ara ni kihon: ẹ̀ṣẹ́, ìdènà àti ìpá lórí ìdúró kan, pẹ̀lú kíkà sókè. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe é nínú ìrìn, kí wọ́n tó bọ́ sí kata, ìyẹn àwọn ìgbésẹ̀ tí wọ́n tò pọ̀ tí èèyàn ń dá ṣe láìsí alátakò. Taikyoku àti Pinan ni ẹ máa bá pàdé lákọ̀ọ́kọ́. Sanchin ni ti mímí àti lílekoko ara. Ìjà ló máa ń gbẹ̀yìn, nígbà tí ó ti rẹ èèyàn, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ tò ó bẹ́ẹ̀ ni. Bẹ́líìtì ń lọ báyìí: funfun, ọsàn, búlúù, yẹ́lò, àwọ̀ ewé, búráùn, dúdú.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ olùbẹ̀rẹ̀ kì í mọ̀. Lẹ́yìn tí Oyama kú ní 1994, ẹgbẹ́ náà fọ́ sí wẹ́wẹ́. Shokei Matsui ń darí ọ̀kan. Kenji Midori, tó gba ife àgbáyé ní 1991, ń darí èyí tó ń jẹ́ Shinkyokushinkai. Àwọn mìíràn tún wà. Ìdánrawò wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì tí ẹ gbà lábẹ́ ẹgbẹ́ kan lè má níyì lábẹ́ èkejì, ẹ sì lè má lè wọ ìdíje wọn. Ẹ béèrè orúkọ ẹgbẹ́ náà ní kíkún.

Àwọn kan máa ń tìtorí hyakunin kumite yan Kyokushin, ìyẹn bíbá ọgọ́rùn-ún èèyàn jà lọ́kọ̀ọ̀kan láìsinmi. Àwọn tó ti ṣe é já kò pọ̀. Francisco Filho ará Brazil ṣe é ní 1995, ó sì gba ife àgbáyé ní 1999, òun sì ni àjèjì àkọ́kọ́ tó gbà á lọ́wọ́ àwọn ará Japan nínú ẹgbẹ́ Matsui. Ohun àgbàyanu ni. Ṣùgbọ́n kò kan ẹni tó ń wá ilé tí á máa lọ lọ́jọ́ Tuesday àti Thursday lẹ́yìn iṣẹ́.

Ashihara àti Enshin: ẹ má dúró níwájú rẹ̀

Hideyuki Ashihara kúrò lábẹ́ Oyama, ó dá tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1980. Ohun tó ń kọ́ni ni sabaki: kí èèyàn bọ́ kúrò lójú ọ̀nà ìkọlù, kó sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ tàbí ẹ̀yìn alátakò níbi tí ọwọ́ tirẹ̀ ti lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tí ọwọ́ alátakò kò sì lè dé ọ̀dọ̀ òun. Kata àtijọ́ kò sí nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Àwọn kata tuntun tó ṣe jẹ́ àkójọ ìgbésẹ̀ tí ẹ lè mú lọ sínú ìjà bó ṣe wà.

Bí ó ṣe ń lọ nìyí. Alátakò fi ẹ̀ṣẹ́ òsì kọlù yín. Ẹ má fà sẹ́yìn. Ẹ gbé ẹsẹ̀ iwájú lọ síwájú díẹ̀ ní ìdábùú, sí ìta apá òsì rẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ darí apá náà kọjá, kí ẹ wá fà ẹsẹ̀ ẹ̀yìn yí ká bí ilẹ̀kùn ṣe ń yí lórí ìdè rẹ̀. Nígbà tí ẹsẹ̀ yín bá fìdí múlẹ̀, etí rẹ̀ ló yẹ kí ẹ máa wò, kì í ṣe imú. Ọwọ́ kan á wà ní èjìká tàbí ọrùn rẹ̀ láti má jẹ́ kó yí padà, ojúgun yín á sì wọlé sí ẹ̀yìn itan rẹ̀. Ibi tí olùbẹ̀rẹ̀ ti máa ń bà á jẹ́ ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́: ó máa ń gbé e lọ sí ẹ̀gbẹ́ jù, tí òun náà kò fi ní lè dé ọ̀dọ̀ alátakò mọ́, tàbí kó fi ẹsẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀. Èyí tó tún wọ́pọ̀ ni kó gbàgbé ọwọ́ tó yẹ kó wà ní èjìká, alátakò á kàn yí ojú padà, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Joko Ninomiya, tó gba ife Kyokushin gbogbo Japan ní 1978, jẹ́ ọmọ ilé Ashihara. Ó dá Enshin sílẹ̀ ní Denver, ní Amẹ́ríkà, ní 1988. Ìdíje wọn, Sabaki Challenge, fi nǹkan kan kún òfin Kyokushin tó sọ ìjà náà di nǹkan mìíràn: ẹ lè fi ọwọ́ kan di aṣọ alátakò mú fún ìgbà díẹ̀, ẹ lè gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ nù, ẹ lè dá a lulẹ̀, wọ́n á sì fún yín ní máàkì. Ọwọ́ méjèèjì kò gbọ́dọ̀ dì í mú. Ẹ̀ṣẹ́ sí ojú ṣì jẹ́ èèwọ̀.

Nínú gbogbo ẹ̀yà tí ẹ̀ṣẹ́ kì í dé ojú, Enshin ni a máa kọ́kọ́ dárúkọ fún ẹni tó fúyẹ́, fún ẹni tó ti lé ní ọdún 35 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, àti fún ẹni tó ti ja gídígbò tàbí júdò rí. Wàhálà rẹ̀ ni pé ilé rẹ̀ kò pọ̀ káàkiri, ìgbésẹ̀ rẹ̀ sì ń pẹ́ kó tó mọ́ ara. Láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ọmọ Kyokushin tí ẹ jọ bẹ̀rẹ̀ lè máa lù yín. Òun ti ń lo ìwọ̀nba tó mọ̀, ẹ̀yin ṣì ń ro ibi tí ẹsẹ̀ máa lọ.

Kudo: ojú ti wọ ọ̀rọ̀

Takashi Azuma ti kọ́ júdò kó tó dé ọ̀dọ̀ Oyama. Ó gba ife Kyokushin gbogbo Japan ní 1977, ó sì dá Daido Juku sílẹ̀ ní Sendai ní 1981. Èyí ni wọ́n wá ń pè ní Kudo lónìí. Àṣíborí tó ní gíláàsì ike níwájú ni wọ́n fi ń jà, ìbọ̀wọ́ tín-ín-rín sì wà lọ́wọ́, tí ó fi ìka sílẹ̀ láti di nǹkan mú. Nítorí náà ẹ̀ṣẹ́ lè wọ ojú, ìgbọ̀nwọ́ lè wọ ojú, wọ́n lè fi orí kàn, wọ́n lè di aṣọ mú, wọ́n lè gbé èèyàn ṣánlẹ̀. Tí wọ́n bá dé ilẹ̀, ìṣẹ́jú àáyá 30 ni wọ́n ní láti fún un lọ́rùn tàbí ká a lápá kó fi ọwọ́ lu ilẹ̀ pé ó tó. Bí kò bá ṣeé ṣe, adájọ́ á gbé wọn dìde. Máàkì wọn jẹ́ 1, 2, 4 àti 8, bí ohun tí ẹ ṣe bá ti lágbára sí. 8 ti parí ìjà.

Bí wọ́n ṣe ń pín àwọn olùdíje sí ìsọ̀rí bọ́gbọ́n mu ju ti àwọn yòókù lọ. Wọ́n á fi gíga ní sẹ̀ǹtímítà kún ìwọ̀n ara ní kílò. Ẹni tó ga ní 172 tó sì wọn kílò 68 jẹ́ 240. Ọ̀pá gígùn tó rí tẹ́ẹ́rẹ́ kò ní lè yọ́ wọlé láàárín àwọn kúkúrú nítorí pé kílò rẹ̀ kéré.

Ibi tó ti ń bàjẹ́ ni àṣíborí. Ó ń dáàbò bo imú, eyín àti ojú, kò sì dá ọpọlọ dúró kó má mì nínú agbárí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò rí ẹ̀jẹ̀ á rò pé kò sí nǹkan, á máa gba ẹ̀ṣẹ́ mẹ́wàá níbi tó yẹ kó ti sá fún mẹ́sàn-án. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ á máa mú kí wọ́n fún ọrùn lágbára, á sì fi òpin sí iye ìgbà tí wọ́n lè lu orí gidi láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ tún mọ̀ pé àṣíborí tí kò bá fún dáadáa máa ń yí tí ẹ̀ṣẹ́ bá bà á ní ẹ̀gbẹ́, ẹ ò ní ríran mọ́. Èémí máa ń bo gíláàsì náà, pàápàá níbi tí ooru bá mú. Ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ sì gbẹ ẹ́ lẹ́yìn ìlò kọ̀ọ̀kan, torí òórùn àṣíborí àjùmọ̀lò kì í ṣe kékeré.

Kudo ló gbówó lórí jù, òun náà ló sì ń gba ọgbọ́n jù: ẹ̀ṣẹ́, ìpá, gídígbò àti ti ilẹ̀ papọ̀. Kò dára fún ẹni tó lè wá lẹ́ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀.

| | Kyokushin | Enshin | Kudo |
|---|---|---|---|
| Ẹ̀ṣẹ́ sí ojú | Èèwọ̀ | Èèwọ̀ | Ó wà, pẹ̀lú àṣíborí |
| Dídi aṣọ mú | Èèwọ̀ | Ọwọ́ kan | Ọwọ́ méjèèjì |
| Ìjà ilẹ̀ | Kò sí | Kò sí | Ìṣẹ́jú àáyá 30 |
| Ohun tó máa ń dun èèyàn jù | Itan, ojúgun, ìhà | Orúnkún àti ọrùn ẹsẹ̀ | Orí, èjìká, ìka ọwọ́ |

Seidokaikan, tí Kazuyoshi Ishii, ọmọ ilé Ashihara, dá sílẹ̀ ní Osaka ní 1980, ni ọ̀nà tó kọjá láti kàrátè sí ìjà ìbọ̀wọ́. Ishii yìí náà ló bẹ̀rẹ̀ K-1, ìdíje ìjà ìbọ̀wọ́ tó gba ẹ̀ṣẹ́ àti ìpá, ní 1993. Andy Hug ará Switzerland kúrò ní Kyokushin lọ síbẹ̀, ó sì gba ife K-1 ní 1996. Tó bá jẹ́ ìjà ìbọ̀wọ́ ni ẹ ń lọ, ẹ wá ilé tó ń lo ìbọ̀wọ́ ńlá ní ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ohunkóhun yòówù kó máa jẹ́. Semmy Schilt ará Netherlands, tó gba ife K-1 lẹ́ẹ̀mẹrin, ilé Ashihara ló ti wá, ó sì ti jà nínú ìdíje Daido Juku pẹ̀lú. Orúkọ ẹ̀yà kan ṣoṣo kò gbé e débẹ̀.

Ìpá kan tí ẹ lè fi dán olùkọ́ wò

Gbogbo ẹ̀yà yìí ló ń ta ìpá sí itan. Ẹ lọ wo kíláàsì kan láìsanwó, kí ẹ sì wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ. Ẹsẹ̀ tó dúró nílẹ̀ gbọ́dọ̀ yí, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú kọ alátakò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ orúnkún ló máa fi ara gba yíyí náà. Ìbàdí á yí tẹ̀ lé e. Ojúgun ló ń lù, ìdá mẹ́ta ìsàlẹ̀ rẹ̀, lókè ọrùn ẹsẹ̀ díẹ̀, kó sì máa sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe ń wọlé. Ibi tó ń lọ ni ẹ̀gbẹ́ ìta itan, bí ìbú ọwọ́ kan sókè orúnkún. Ẹni tó bá fi òkè àtẹ́lẹsẹ̀ lù ú máa fi àwọn egungun wẹ́wẹ́ ibẹ̀ pàdé egungun tó le jù wọ́n lọ. Ẹni tó jìnnà jù kí ó tó ta á máa bá orúnkún alátakò pàdé, ìyẹn ni a sì fi ń rí àwọn tó ń tiro kúrò ní kíláàsì.

Bí wọ́n ṣe ń dènà rẹ̀ ni pé kí ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, kí orúnkún yí síta kọjú sí ìpá náà, kí ojúgun gbà á. Tí olùkọ́ bá ń wo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń na ọwọ́ sílẹ̀ láti fi dènà ìpá itan, tí kò sì sọ nǹkan kan, ẹ máa lọ sílé. Ìka á kán níbẹ̀ lọ́jọ́ kan, orí tí ọwọ́ fi sílẹ̀ á sì gba ìpá tó tẹ̀ lé e.

Líle ara

Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọgbà. Egungun náà kì í yára le. Fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, ìpá 50 fún ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan lára àpò ìdánrawò, lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ìdajì agbára, ti tó. Kí àpò náà rọ̀ níwọ̀nba. Èyí tí iyanrìn ti dì sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí òkúta kì í ṣe ti olùbẹ̀rẹ̀. Yíyí ìgò tàbí irin lórí ojúgun kò mú un le, ṣe ló ń ba awọ tó bo egungun jẹ́. Tí ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun tí ó sì ń dùn yín gan-an lójú kan ṣoṣo, tí kò sì lọ lẹ́yìn ìsinmi ọjọ́ mélòó kan, egungun náà lè ti sán: ẹ dá ìpá dúró, kí ẹ lọ fi han dókítà.

Fún ẹ̀ṣẹ́, púṣọ́ọ̀pù lórí oríkèé méjì, ti ìka ìlábẹ̀ àti ti ìka àárín, ni wọ́n ń ṣe. Ẹ ká aṣọ sábẹ́ rẹ̀, kí ọrùn ọwọ́ nà tààrà, ìgbà 10 lọ́nà mẹ́ta. Tí ìwúwo bá ti ń sún lọ sí oríkèé ọmọńdinrín, ẹ dúró, torí egungun ibẹ̀ ló máa ń kán tí ẹ̀ṣẹ́ bá wọlé lódì. Ọmọdé kò gbọ́dọ̀ ṣe èyí rárá, egungun wọn ṣì ń dàgbà. Ìjà tiwọn sì gbọ́dọ̀ ní àṣíborí àti ìbòjúgun. Pákó fífọ́ lè dúró di ìgbà bẹ́líìtì àwọ̀ ewé.

Ní ti ìjà fúnra rẹ̀, ilé tí wọ́n ti ń fi gbogbo agbára lu ara wọn ní gbogbo kíláàsì kò lè mú akẹ́kọ̀ọ́ dúró ju ọdún kan lọ. Ìdajì agbára ló yẹ kó wọ́pọ̀, kí ìjà líle wà lẹ́ẹ̀kan láàárín ọ̀sẹ̀ méjì fún àwọn tó ti pé. Olùbẹ̀rẹ̀ kò yẹ kó jà kó tó lo oṣù méjì sí mẹ́ta. Ẹ wo bí bẹ́líìtì dúdú ṣe ń bá bẹ́líìtì funfun jà: ṣé ó ń dín agbára rẹ̀ kù, àbí ó ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́? Ẹ sì béèrè ohun tí wọ́n máa ń ṣe tí ẹnìkan bá dákú tàbí tí ojú rẹ̀ ṣú. Ìdáhùn kan ló wà: kò ní jà mọ́ lọ́jọ́ yẹn, kò sì ní padà sójú ìjà títí dókítà fi gbà fún un. Olùkọ́ tó bá fi ẹ̀rín dáhùn, ẹ fi í sílẹ̀, bó tilẹ̀ ní bẹ́líìtì dúdú onílà márùn-ún.

Tó bá di ọ̀rọ̀ owó, ẹ má kọ́kọ́ sáré ra aṣọ. Sòkòtò tó tú àti ṣẹ́ẹ̀tì lè gbé yín kọjá oṣù kan. Ẹ kọ́kọ́ ra ààbò abẹ́, ike ìdáàbò eyín àti ìbòjúgun, kí wọ́n jẹ́ tiyín, kí ẹ má wọ ti ẹlòmíràn. Ike eyín tí wọ́n ń fi omi gbígbóná rọ̀ ni kí ẹ rà, kí ẹ sì gé e bí ó bá ń mú yín bì. Àṣíborí Kudo lè dúró títí ẹ ó fi mọ̀ pé ẹ máa padà wá lóṣù kẹta.